Ilẹ̀ Lọ́tọ̀, Ìwé Ìròyìn Lọ́tọ̀

Lọ́dún 2004, BPE, àjọ tó ń bá ìjọba àpapọ̀ ta iléeṣẹ́ ìjọba, ta Daily Times fún Folio Communications. Ọdún 1925 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ Daily Times sílẹ̀, ìwé ìròyìn rẹ̀ sì kọ́kọ́ jáde lóṣù kẹfà ọdún 1926, Ernest Ikoli ni olóòtú. Lẹ́yìn títà náà, ìwé ìròyìn ọ̀hún pòórá lórí àtẹ, ọ̀rọ̀ sì di ti kóòtù. Ilé àti ilẹ̀ ló kù tí gbogbo ènìyàn ń sọ: ta ló ni èwo, ta ló fẹ́ ta èwo. Òǹkàwé kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tó fẹ́ ta ìwé ìròyìn tó ti lórúkọ, tó sì fẹ́ jèrè lórí rẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń tà. Ilé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti mọ́tò kì í ṣe ìwé ìròyìn. Ẹni tó ń ta gáàrì náà lè rà wọ́n. Àwọn tó ti mọ́ lára láti máa ra ìwé náà ni ọjà.

Kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ fẹ́ńdọ̀ ní Tákíè, l'Ógbómọ̀ṣọ́, ní kùtù òwúrọ̀. Fẹ́ńdọ̀ á fi òkúta tẹ àwọn ìwé mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé wọn. Àwọn tí kò ní ra ẹyọ kan á pé lé e lórí, wọ́n á máa ka àkọlé, wọ́n á máa jiyàn òṣèlú àti bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan á wá dé tí kò ní bá wọn dá sí i. Á na ọwọ́ sí èyí tó máa ń rà, á sanwó, á ká a sábẹ́ abíyá, ó tán. Ọwọ́ tó nà láìwo ẹ̀gbẹ́ yẹn ni olówó ń wá. Torí rẹ̀ náà ni ẹbí olóògbé fi ń san owó gọbọi lórí ojú ewé kan láti kéde òkú: wọ́n mọ̀ pé àwọn tí wọ́n fẹ́ kó rí i á rí i.

Ìlànà yìí, pé òǹkàwé ni ọjà, ni iléeṣẹ́ Daily Mirror ti Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ lé nígbà tó ra Daily Times ní 1947. Wọ́n kó ẹ̀rọ dé, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, wọ́n sì wá òǹkàwé dé ìlú tí kò rí ìwé ìròyìn rí. Babatunde Jose, tó wọlé bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní 1941, ló wá di ọ̀gá pátápátá níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1975, wọ́n ń tà tó 275,000 lójúmọ́, Sunday Times sì tó 400,000. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ológun gba ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwé ìròyìn wá di agbẹnusọ ìjọba, òǹkàwé sì yíjú síbòmíràn ní tiwọn. Nígbà tí BPE máa fi tà á ní 2004, ọjà gidi ti tà lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn alábàádíje.

Àwọn kan á ní, kí olóhun ta ohun rẹ̀ bó ṣe wù ú. Bí ìwé ìròyìn bá ń jẹ gbèsè, kí ló burú nínú kí ó fi ilẹ̀ rẹ̀ gba ara rẹ̀ là? Kò burú, bó bá pè é ní ilẹ̀. Ẹ wo ti Amẹ́ríkà: ní 1933, Eugene Meyer ra ìwé ìròyìn Washington Post ní gbàǹjo fún dọ́là 825,000. Nígbà tí ìdílé rẹ̀ tà á fún Jeff Bezos ní 2013, mílíọ̀nù 250 dọ́là ni wọ́n gbà, ilé tí iléeṣẹ́ náà wà kò sì sí nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ni wọ́n ta ìyẹn fún. Owó ti ń wọ́n wọn nígbà yẹn o, ṣùgbọ́n òǹkàwé ṣì wà.

Pé àwọn ènìyàn ló ń gbé orúkọ ró, kì í ṣe ilé, ó yẹ kí èyí yé ará Ìkòyí-Ilé, ìlú àtijọ́ nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, ju ẹlòmíràn lọ. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún tú ìlú náà ká, ọ̀pọ̀ sì sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ògiri wó, ṣùgbọ́n orúkọ Oníkòyí, ọba wọn, àti ti Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, àwọn jagunjagun wọn, kò pa rẹ́, torí àwọn tó ń jẹ́ ẹ ṣì wà láyé.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún fẹ́ ta irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ilẹ̀ ní ìwé àdéhùn tirẹ̀, kí ìwé ìròyìn ní tirẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú èyí kejì pé ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá kéékèèké káàkiri Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ náà ní ohun tí wọ́n lè tà lọ́la, bí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, tí ìwé ìṣirò owó sì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé inú fóònù ẹni tó ni ìwé náà nìkan ni nọ́ńbà àwọn fẹ́ńdọ̀ àti ti àwọn tó ń polówó ọjà wà, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ tí ibà bá dá a dúbúlẹ̀ ni ìwé ò ní jáde, ẹni tó fẹ́ rà á á kàn bá a dúnàádúrà tábìlì àti jẹnẹrétọ̀ ni.