Onímọ̀ Oúnjẹ Kì Í Ṣe Ti Aláìsàn Nìkan

Ẹ̀yin ará Bódìjà àti Agbowó, UCH tí a ṣí ní 1957 kò jìnnà sí yín, ó sì ní àwọn onímọ̀ oúnjẹ; ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dé ọ̀dọ̀ wọn àfi ìgbà tí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti mú wa. Èyí kò tọ́. Aládùúgbò a máa wí pé kí alátọ̀gbẹ jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní àjẹyó (mo gbà pé ó dùn pẹ̀lú ewédú). Bẹ́ẹ̀ ni àjẹjù rẹ̀ náà ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Onímọ̀ oúnjẹ a bi ọ́ léèrè iṣẹ́ rẹ, ọjọ́ orí rẹ àti ohun tí apá rẹ ká, kí ó tó díwọ̀n òkèlè fún ọ. Iyọ̀ àgbàlagbà lóòjọ́, pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú magí, kò yẹ kí ó tó ṣíbí ìmutíì kan. Ta ni ó ti sọ èyí fún olóúnjẹ Dùgbẹ̀ rí? Ó yẹ kí ìjọba fi irú wọn sí àwọn ilé ìlera kékeré títí dé Challenge, kí a lè bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí ara ṣì le.