Ẹ Má Fi Iyèméjì Pamọ́ Fún Wa

Lọ́dọọdún, àjọ NIHSA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi ní Nàìjíríà máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ìkún omi jáde. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀: ewu tibí pọ̀, ewu tọ̀hún kéré. Ilé iṣẹ́ ìròyìn á kà á, máàpù á dé orí fóònù, pupa níbí, àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún. Kí ni ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́bàá odò Ògùnpa fẹ́ fi pupa ṣe? Ṣé odindi ìjọba ìbílẹ̀ ló fẹ́ kó kúrò ni?

Àwa tí à ń fi kíkọ sọ́fútíwíà jẹun sọ pé irú máàpù bẹ́ẹ̀ kò tó. Èyí tó sì ń díbọ́n pé òun mọ ohun gbogbo burú jù ú lọ.

Kéèyàn tó mọ ibi tí omi máa dé, ó gbọ́dọ̀ mọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó. Ọ̀pọ̀ máàpù ń lo ìwọ̀n tí rédà inú ọkọ̀ Endeavour ti NASA gbà láti òkè òfurufú ní oṣù Kejì ọdún 2000. Rédà yẹn máa ń ka òrùlé àti orí igi mọ́ ilẹ̀. Nígbà tí àjọ Climate Central ní Amẹ́ríkà ṣàtúnṣe rẹ̀ lọ́dún 2019, iye èèyàn tí òkun ń halẹ̀ mọ́ lágbàáyé di ìlọ́po mẹ́ta. Lórí èyí, ojú kọ̀ọ̀kan nínú máàpù náà fẹ̀ tó mítà 30. Ilé mélòó ló wà nínú mítà 30 ní Ajégúnlẹ̀? Síbẹ̀, wọ́n á fa ìlà tín-ín-rín gba àárín ilé méjì, wọ́n á ní ọ̀kan máa rì, èkejì ò ní í rì.

Ìlà lè tan èèyàn jẹ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2004, ìjì Charley ń bọ̀ ní Florida. Máàpù ní ìlà kan tó dorí kọ Tampa, ó sì ní àyè tó fẹ̀ lọ́tùn-ún lósì tó ń sọ pé ìjì lè yà. Ìlà ni ọ̀pọ̀ èèyàn tẹjú mọ́. Ìjì sì yà sí Punta Gorda, tó wà nínú àyè yẹn gan-an.

Wọ́n á ní àwọn ará ìlú ò lóye "bóyá", ẹ ṣáà sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ fún wọn. Àwọn ará ìlú wo? Ṣé àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka odds ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ní gbogbo Sátidé? Ṣé àgbẹ̀ tó ń wo òjò àkọ́rọ̀, tó ń rò ó bóyá kóun gbin àgbàdo tàbí kóun dúró?

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ká ní ìyá onírẹsì máa san 20,000 náírà kí wọ́n bá a kó ọjà rẹ̀ gun òkè, tí ọjà náà sì tó 400,000. Ìdá 5 nínú 100 nìyẹn. Bí ìṣeéṣe ìkún omi bá ti ju 5 nínú 100 lọ, kó kó o. Bàbá ẹlẹ́rọ tó múlé tì í ńkọ́? Títú ẹ̀rọ rẹ̀ àti gbígbé e máa ná an ní 300,000, ohun tí omi sì lè bàjẹ́ jẹ́ 600,000. Àfi tó bá ju 50 nínú 100 lọ. Bí àsọtẹ́lẹ̀ bá wá jẹ́ 10 nínú 100, ìyá á kẹ́rù, bàbá á dúró, àwọn méjèèjì ló gbọ́n. Àwọ̀ wo lẹ fẹ́ kun àdúgbò wọn? Ẹni tó bá kun ọ̀kan ti bá wọn pinnu láìbi wọ́n léèrè.

Ohun tí à ń béèrè ò le jù fún kọ̀ǹpútà. Kí máàpù jẹ́ èyí tí èèyàn lè fi ìka tì síwá sẹ́yìn: bí òjò bá tó báyìí ńkọ́? Bí wọ́n bá ṣí dáàmù Ọ̀yán, tí omi gba odò Ògùn wá sí Ìṣẹrì ńkọ́? Dípò ìlà kan, kó fi ogún ọ̀nà tí omi lè gbà hàn, kéèyàn ka iye tó kan ilé rẹ̀. Kó gba iye tí kíkó ẹrù máa ná oníkálukú. Kó sọ̀rọ̀ Yorùbá, kó ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré.

Òótọ́ ni, máàpù ò lè gbẹ́ gọ́tà, kò sì lè fún ẹni tí kò ní 20,000 lówó. Ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà máa fi han ìjọba pé fífún un ní 20,000 ṣáájú òjò dín ju pípín ìrẹsì lẹ́yìn ìkún omi lọ.

Ìbàdàn sin òkú omi Ògùnpa lọ́dún 1980. Ó tún sin òkú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí omi gbé èèyàn tó lé ní 100 lọ. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí arọ yẹn tó lè lo ọgbọ́n rẹ̀, ẹ sọ fún un bí ogun ṣe jìnnà tó, kẹ́ ẹ sì sọ bó ṣe dá yín lójú tó.