Ìbòjú tó ń tanná sójú àlá: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ṣe é

Ṣé àlá rere la lá?

Ọ̀rọ̀ àlá náà la fẹ́ sọ lónìí. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń béèrè nípa ìbòjú oníná tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó ń ran ẹni tó ń sùn lọ́wọ́ láti mọ̀ pé àlá ni òun ń lá, nígbà tí àlá náà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Àwọn kan gbọ́, wọ́n ní iṣẹ́ àjẹ́ ni. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní 1953, ní Chicago, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman kọ ọ́ síta pé ìgbà kan wà nínú oorun tí ẹyinjú máa ń sáré káàkiri lábẹ́ ìpéǹpéjú. Ìgbà yẹn ni àlá máa ń pọ̀ jù. Ó máa ń padà wá ní nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú síra, ó sì máa ń pẹ́ sí i bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ bọ̀. Ní 1975, ní Yunifásítì Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Keith Hearne rí ẹ̀rí: ọkùnrin kan tó ń sùn fi ojú ṣe àmì sọ́tùn-ún sósì láti inú àlá, bí wọ́n ti jọ ṣàdéhùn kó tó sùn. Stephen LaBerge ní Amẹ́ríkà náà rí irú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì ṣe ìbòjú oníná tí wọ́n tà nígbà kan rí.

Èyí tí à ń ṣe nílé kò ju aṣọ ìbojú, Arduino kékeré kan, iná pupa kéékèèké méjì, àti ẹ̀yà kan tó ń ṣọ́ bí ìpéǹpéjú ṣe ń mì. Bí ẹyinjú bá ti ń sáré, iná á ṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó ń sùn lè rí i nínú àlá bíi mànàmáná tàbí iná mọ́tò. Bó bá ti kọ́ ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, á ní, "Iná mi nìyẹn. Àlá ni mò ń lá yìí." Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe lọ́jà lè ṣe é. Ẹni tó bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ so wáyà rẹ̀ pọ̀ kò ní pè é ní àjẹ́ mọ́.

Kí ni èrè rẹ̀? Àlá burúkú ń lé ọ̀pọ̀ nínú wa dìde lórí ẹní. Àwọn mìíràn ń kó owó oúnjẹ ọmọ fún ẹni tó ní òun á bá wọn lé àlá lọ. Àwọn onímọ̀ kan ti fi irú àlá yìí ran àwọn tí àlá burúkú ń dà láàmú lọ́wọ́: ẹni tó bá mọ̀ pé àlá ni, ó lè dúró, kó yíjú sí ohun tó ń lé e.

Ṣùgbọ́n iná kò mọ àlá. Ẹni tó ń lá a ló mọ̀ ọ́n. Bí o kò bá rántí àlá rẹ láàárọ̀, kí ni iná fẹ́ ṣe fún ọ? Ohun tí a kò níláti rà nìyẹn: kí ọmọ jí, kó kí ìyá àgbà, kó sì rọ́ àlá rẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ ká dá àṣà yẹn padà. Kí ọmọ rọ́ ọ, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó tó fọwọ́ kan wáyà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o. Ẹ má fi bátìrì fóònù sójú sùn, torí ó lè gbaná. Ẹ má ki wáyà rẹ̀ bọ iná ilé nígbà tó wà lójú yín. Ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ rọra tàn. Ẹni tó ní wárápá kò gbọdọ̀ lò ó rárá.

Àgbà tó ní ká má fi àlá ṣeré náà rí nǹkan sọ. Àlá tí a bá ń darí lóru gbogbo, ìgbà wo ló máa ráyè sọ tirẹ̀? Alẹ́ kan lọ́sẹ̀ tó, nígbà tí kò sí iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì. Oorun ni oúnjẹ ara. Ẹ má tà á nítorí ìran wíwò.

Kí ni ẹ̀yin rí sí i? Ẹ kọ èrò yín sísàlẹ̀. Àlá rere la ó máa lá o. Àṣẹ.