Ẹni tó ń tún ọgbà ṣe ló ni ọgbà

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè kéré lójú àwọn tó ń gbé ìgboro. Ọ̀rọ̀ ọgbà wáyà ni, èyí tí a fi ń ká ẹran mọ́, tàbí tí a fi ń dá ẹran dúró kó má bàa wọ oko. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ní ààfin tàbí nílé baálẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ pé ẹjọ́ màlúù àti oko kì í ṣe ẹjọ́ ṣeréṣeré. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lórí ebè iṣu mẹ́ta lè parí sí ilé ìwòsàn tàbí sọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ọgbà tí kò ní olùtọ́jú burú ju àìsí ọgbà lọ. Ká tó tún gba òmíràn lọ́wọ́ ìjọba tàbí lọ́wọ́ projet kankan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò máa tún un ṣe, àti ibi tí owó àtúnṣe yóò ti máa wá.

Gbogbo wa la mọ bí nǹkan ti rí. Láti òpin ọdún 2019 ni ìjọba Bénin ti fòfin de kíkó màlúù láti orílẹ̀-èdè mìíràn wọlé wá jẹko. Ṣáájú ìgbà náà, Òfin 2018-20 ti ọjọ́ 23 oṣù avril 2018, tí a ń pè ní Code pastoral, ti fi ìlànà lélẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn darandaran, ibi tí ẹran ń gbà àti ibi tí ó ti ń jẹko. Ohun tí ìjọba ń fẹ́ báyìí ni pé kí ẹran jókòó sójú kan. Ẹran tó bá sì máa jókòó sójú kan, ọgbà di dandan fún un. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí wáyà níbi tí a kò ti rí i rí: yíká ibùjẹ màlúù, yíká oko ẹ̀fọ́ àwọn ìyá wa, yíká ibi tí wọ́n gbẹ́ omi sí fún ẹran.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣí irú ọgbà bẹ́ẹ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Àga funfun, ìlù, fọ́tò, ọ̀rọ̀ gígùn. Wọ́n á gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n á kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà, orúkọ ẹni tó mówó wá á wà níbẹ̀ gàdàgbà. Orúkọ ẹni tí yóò máa tún un ṣe kì í sí níbẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi jókòó nínú bureau ìjọba, ìwé ìkọ́lé ló máa ń kún orí tábìlì. Ìwé ìtọ́jú kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọgbà ṣe ń kú. Wáyà kì í jẹun, kì í mumi, ṣùgbọ́n ó ń kú. Òpó ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ikán á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́ láti ìdí. Òpó igun ló ru gbogbo fífà wáyà. Tí ìyẹn bá yẹ̀, gbogbo ìlà tó so mọ́ ọn á dẹ̀. Wáyà tó bá ti dẹ̀, màlúù á fi orí tì í, ewúrẹ́ á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni òjò. Koríko àti ìtàkùn á gun wáyà, wọ́n á mú ọ̀rinrin mọ́ ọn lára, á dípẹtà. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, koríko kan náà á gbẹ, iná igbó á sì gba ibẹ̀ kọjá. Iná yìí kì í jó òpó nìkan o. Ó ń ba zinc tó bo ara wáyà jẹ́, èyí tí kì í jẹ́ kó dípẹtà. Láti ọjọ́ náà, ìpẹtà kò ní pẹ́ mú un. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló kan àwa èèyàn: ọdẹ tó ń wá ọ̀nà àbùjá, ọmọ tó ń lépa òkété, ẹni tó gé apá kan lọ fi di igi ìdáná sẹ́yìn alùpùpù. Ẹ má jẹ́ ká máa ti gbogbo ẹ̀bi sí Fúlàní lọ́rùn.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹnu ògiri yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi. Níbi tí kò sí ọgbà rárá, àgbẹ̀ mọ̀ pé kò sí. Á máa ṣọ́ oko rẹ̀, á bá darandaran sọ̀rọ̀ kí màlúù tó kọjá, darandaran náà á sì máa ṣọ́ra. Níbi tí ọgbà bá wà, kálukú á gbọ́kàn lé e. Àgbẹ̀ á sùn sílé. Ọmọ tó ń da ẹran á nà gbalaja sábẹ́ igi máńgò. Ihò kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò rí ni odindi agbo màlúù á gbà kọjá lóru. Ilẹ̀ mọ́, ẹjọ́ dé. Àgbẹ̀ ní darandaran ló gé wáyà. Darandaran ní ihò ti wà níbẹ̀ láti èṣí. Chef de village ní ọgbà projet ni. Projet ti kó ẹrù lọ. Mairie ní kò sí owó rẹ̀ nínú budget. Ta ni baálẹ̀ fẹ́ dá lẹ́bi? Kò sí ẹni tí a gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, nítorí náà kò sí ẹni tí a lè bi.

Bẹ́ẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ kò le. Àgbẹ̀ kankan lè kọ́ ọ ní ọ̀sán kan. Ẹ̀mú, òòlù, ìṣó ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ìdì wáyà kékeré kan àti àdá: ó tán. Tí wáyà bá já, ẹ má kàn lọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí okùn ewúrẹ́. Ẹ tẹ ẹnu kọ̀ọ̀kan padà kó di òrùka, kí òrùka méjèèjì kọ́ ara wọn, kí ẹ wá fi ìyókù wé ara wáyà lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìyẹn ló ń gba fífà. Tí ẹ bá ń kan wáyà mọ́ òpó àárín, ẹ má gbá ìṣó wọlé tán. Ẹ jẹ́ kí wáyà lè yọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, kó má bàa já nígbà tí màlúù bá fara tì í. Òpó igun ni kí ẹ fi agbára sí: kó wọlẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi igi mìíràn tì í ní ìhà ibi tí wáyà ń fà á sí. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro abẹ́ ọgbà ní mítà méjì lọ́tùn-ún, mítà méjì lósì, kí iná má rí nǹkan jẹ.

Àwọn baba wa sì mọ òpó tó dára ju èyí tí à ń rà lọ. Akòko tí a fi ewé rẹ̀ ń joyè, ṣebí tí a bá gé ẹ̀ka rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ lásìkò òjò, á hù? Bákan náà ni lápálápá, tí ẹran kì í fẹnu kàn. Ikán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí igi tútù jẹ. Ẹ gbìn wọ́n sáàárín òpó òkú láti ìsinsìnyí. Kí òpó òkú tó ṣubú, òpó alààyè á ti gba ipò rẹ̀, owó kò sì jáde lápò ẹnikẹ́ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Èkíní: "Ìjọba ló kọ́ ọ, kí ìjọba tún un ṣe." Ìjọba kì í sùn lábúlé. Wáyà já lálẹ́ òní, ìwé tí ẹ máa kọ yóò kọ́kọ́ yí bureau mẹ́ta mẹ́rin ká; kó tó dé ibi tó ń lọ, màlúù ti jẹ àgbàdo tán. Èmi tí mo ti bá ìwé ìjọba rìn mọ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí kò ní kí commune máa wòran o. Ìdì wáyà àti òpó igun, ẹrù commune nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ojú tó ń ṣọ́ ọ, ẹrù abúlé ni.

Èkejì: "Ọgbà Fúlàní ni. Kí wọ́n tún un ṣe, àbí kí wọ́n máa lọ." Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Nínú agbo tí à ń rí lọ́wọ́ Fúlàní, màlúù tiwa wà níbẹ̀. Oníṣòwò, òṣìṣẹ́ ìjọba, olóyè pàápàá, ọ̀pọ̀ ló fi màlúù fún Fúlàní sìn. Tí màlúù bá bímọ, ọ̀gá á gbọ́. Tó bá jẹ oko olóko, Fúlàní nìkan ló máa dúró lẹ́jọ́, ọ̀gá á wà nílé, á máa bá wọn bú darandaran. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹran nínú agbo gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ nínú owó wáyà.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó fi ọgbà gba ọ̀nà. Èèyàn á ra ilẹ̀, á na wáyà rẹ̀ títí, á ká ọ̀nà màlúù àti ọ̀nà odò mọ́nú. Irú ọgbà yẹn, kò sí àtúnṣe tó lè gbà á. Màlúù tí òùngbẹ ń gbẹ yóò máa já a lójoojúmọ́. Ẹ wo Kétu láyé àtijọ́: wọ́n mọ ògiri, wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n sì fi Àkàbà Ìdènà sí i. Ẹnu ọ̀nà yẹn lókìkí ju ògiri lọ títí dòní. Ọgbà tí kò bá ní ẹnu ọ̀nà, ìjà ló ń pè.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo fi síwájú ẹgbẹ́ wa àti àwọn olóyè wa.

Àkọ́kọ́, kí ọgbà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹni méjì, àgbẹ̀ kan, darandaran kan. Kí wọ́n jọ máa rìn yí i ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lóṣooṣù nígbà òjò, àti lẹ́yìn ìjì ńlá. Ihò tí àwọn méjèèjì bá jọ rí, tí wọ́n jọ dí, kò lè di ẹjọ́ mọ́.

Èkejì, kí àpótí kan wà fún un. Kí ẹlẹ́ran san owó gẹ́gẹ́ bí iye ẹran rẹ̀, kí àgbẹ̀ san díẹ̀ tàbí kó fi ọjọ́ iṣẹ́ kan dí i. Kí ìpàdé abúlé fẹnu kò lórí iye rẹ̀, kí ìyá kan tí gbogbo ìlú gbà gbọ́ máa pa owó mọ́, kí a sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo èèyàn. Ohun àjùmọ̀ní tí a kò ṣírò, ìjà ló máa ń dà.

Ẹ̀kẹta, kí conseil communal má gba ọgbà tuntun kankan mọ́ àyàfi tí owó ìtọ́jú rẹ̀ bá wà nínú budget, àti tí wọ́n bá ti wọn ọ̀nà ẹran sọ́tọ̀ níwájú àwọn àgbà. Àwọn tí a dìbò fún ni kí ẹ bi léèrè, ẹ má dúró di ìgbà ìbò.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ọba àti baálẹ̀ wa, ọwọ́ yín ló kù sí. Tí ẹjọ́ màlúù bá dé iwájú yín, kí ìbéèrè yín àkọ́kọ́ jẹ́: ta ló rin ọgbà yìí kẹ́yìn, ọjọ́ wo sì ni? Lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú bá ti mọ̀ pé ẹ ó bèèrè, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí rìn ín.

Ọyẹ́ kò ní dúró dè wá. Kí koríko tó gbẹ, kí abúlé kọ̀ọ̀kan mú àdá àti ẹ̀mú, kí wọ́n lọ wo wáyà tó wà lórí ilẹ̀ wọn. Kí a kọ orúkọ ẹni méjì tí mo wí yẹn sínú ìwé, kí a mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀. Abúlé tí kò bá rí orúkọ méjì kọ, kó má tíì bèèrè ọgbà tuntun.