ADÁJỌ́

Ọ̀pọ̀ ènìà rò pé oyè ni "adájọ́." Àwa wí pé iṣẹ́ ni: a-dá-ẹjọ́, ẹni tí ó ya ẹ̀bi kúrò lára àre. Nítorí náà ni àwọn àgbà fi pe agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ní òṣìkà. Ọ̀rọ̀ ẹnìkan ni ó gbọ́. Kíni yóò wá yà kúrò lára kíni? Kí àwọn tí ó jókòó ní kóòtù ìbílẹ̀ lónìí kíyèsí i. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀nà Ìwẹ̀fà ni ó ńgbọ́ ẹjọ́ nípò Aláàfin. Kò kúkú ní ọmọ tí yóò gbè lẹ́hìn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé Ògúnlọlá ọdẹ ni nwọ́n ńkó ìjà lọ. Ìtàn sì wí pé òun náà ti jẹ́ ẹlẹ́jọ́ rí: nítorí ìjà ni nwọ́n ṣe mú u lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, kí ó tó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tí ó sì padà wálé di Ṣọ̀ún.