Ẹ̀mí Òṣìṣẹ́ Ju Àwòrán Lọ

 

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìdíje àgbáyé ti eré kẹ̀kẹ́ ológeere ojú títì wá sí ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ìlú Kigali, orílẹ̀-èdè Rwanda. Àwa tí a wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n rí bí alùpùpù ṣe ń sáré pẹ̀lú àwọn eléré, tí ẹni tó ń ya àwòrán jókòó sẹ́yìn awakọ̀. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti wà láàárín wa. Àwọn kan ní kí wọ́n kó alùpùpù kúrò, kí dróònù, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé kámẹ́rà fò lókè, máa ya àwòrán. Àwọn ọlọ́kadà inú wa fárígá. Wọ́n ní ẹ̀rọ mìíràn tún dé tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ tálákà. Ibi tí àwa dúró sí rèé.

Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré gba owó, òṣìṣẹ́ ni. Ojú ọ̀nà ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ eléwu sí ẹ̀gbẹ́ òṣìṣẹ́ fákitọ́rì láìsí ohun tó bò ó, ẹgbẹ́ yóò pariwo. Kí ló dé tí a ó fi dákẹ́ lórí ti ẹni yìí?

Ẹ gbọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, níbi eré San Sebastián ní Spéìn, Greg Van Avermaet ló wà níwájú nígbà tí alùpùpù tẹlifíṣọ̀n gbá a láti ẹ̀yìn. Bí ó ṣe pàdánù nìyẹn. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2016, lórí òkè Ventoux ní Faransé, èrò dí ọ̀nà, alùpùpù oníkámẹ́rà dúró lójijì, Richie Porte sì kọlù ú. Kẹ̀kẹ́ Chris Froome bàjẹ́ níbẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ sáré gòkè. Èyí tó dunni jù ni ti Antoine Demoitié, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ẹni ọdún 25. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2016, níbi eré Gent-Wevelgem, òun àti àwọn mìíràn ṣubú, alùpùpù tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì kọlù ú. Ilé ìwòsàn ló kú sí.

A ó sọ òótọ́ síbẹ̀: alùpùpù tó kọlu Demoitié kì í ṣe ti oníkámẹ́rà, ti àwọn tó ń bójú tó eré ni. Èyí fi hàn pé àpọ̀jù alùpùpù láàárín eléré ni àrùn náà, kámẹ́rà kàn jẹ́ apá kan rẹ̀ ni. A kò sì bá awakọ̀ wí. Òṣìṣẹ́ lòun náà. Ẹni tó rán an wọ àárín èrò ni kó jíhìn.

Ṣùgbọ́n dróònù kì í ṣe áńgẹ́lì. Bátìrì ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ju nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí lọ, bẹ́ẹ̀ eré ọjọ́ kan lè gba wákàtí márùn-ún. Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, ní Madonna di Campiglio ní Ítálì, dróònù oníkámẹ́rà já lulẹ̀ sẹ́yìn Marcel Hirscher tó ń sáré lórí yìnyín. Díẹ̀ ló kù kó bà á. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni kó máa fò, kì í ṣe orí eléré tàbí orí èrò.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lèyí. Ta ni kò tíì rí i lójú ọ̀nà Ìfàkì sí Ọ̀yẹ́ sí Ìkọ̀lé, nígbà tí wọ́n bá ń gbé òkú olówó bọ̀, tàbí tí mọ́tò àwọn olóṣèlú bá tò lọ rẹrẹ? Ọ̀kadà ń sáré níwájú, ọmọkùnrin kan kọ ẹ̀yìn sí awakọ̀, ó gbé kámẹ́rà dání, kò dé akoto, kò sí ohun tó dì mú. Bí ó bá ṣubú, mọ́tò tó ń yà ní fọ́tò gan-an ni yóò gun orí rẹ̀. Ẹni tó háyà rẹ̀ á ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Nísinsìnyí dróònù ti ń fò níbi ìgbéyàwó. Ọmọkùnrin náà bọ́ lọ́wọ́ ewu, ó sì bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú. Ṣé ìlọsíwájú nìyẹn?

Ohun tí à ń wí ni pé kí ẹ̀rọ gba ewu lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, kó má gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Èkíní, kí àwọn tó ń ṣètò eré dín alùpùpù kù. Níbi tí ọ̀nà bá há, àti níbi tí wọ́n ti ń gun òkè, kí dróònù gba iṣẹ́ náà.

Èkejì, awakọ̀ àti oníkámẹ́rà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní dróònù, kí agbanisíṣẹ́ san owó ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀kẹta, òfin ọdún 2010 tó wà fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa ní Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò NSITF. Òfin náà kò yọ oníṣẹ́ ìgbà díẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n san án.

Ẹ̀kẹrin, dróònù kò gbọdọ̀ fò láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCAA àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ààbò. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ni kó gba ìwé náà, kó má ti ọmọ iṣẹ́ síwájú ọlọ́pàá.

Wọn yóò ní kò sówó. Níbo ni wọ́n ti rí owó ra dróònù? Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ má bá ẹ̀rọ jà. Ẹ̀rọ kì í lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó ni ín ló ń lé e. Ẹ wá sí ìpàdé ẹ̀ka, kí a jọ fẹnu kò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára wa!