Ẹni Tó Jó Ṣásì, Kó Fọwọ́ Sí I

Ẹ wo ara lọ́rì tàbí típà tó bá ń gba Ìdó àti Ọ̀tọ̀ kọjá lọ sí Ọ̀yìngbò, ẹ ó rí i pé ẹnì kan sábà máa ń ti fọwọ́ síṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni náà ni ó kọ àdúrà síwájú ọkọ̀, tó ya kìnnìún tàbí idì sẹ́yìn rẹ̀. Ní igun kan nísàlẹ̀, á kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí i, nígbà mìíràn pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù, kí ẹni tí iṣẹ́ náà bá wù lè wá a rí. Àmọ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ kan náà, kí ẹ wá orúkọ ẹni tó jó ṣásì rẹ̀ nígbà tó là, ẹni tó fi irin tuntun dí ibi tí ìpẹtà ti jẹ, ẹni tó jó ìdè tó yẹ kó di kọ̀ntéínà mú mọ́ pẹpẹ ẹrù. Kò sí orúkọ kankan níbẹ̀. Ẹni tó ṣe ọ̀ṣọ́ ń yangàn pé òun lòun ṣe é. Ẹni tí ẹ̀mí èèyàn wà lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ. Èrò tèmi ni pé àtúnṣe irin èyíkéyìí tó bá kan ṣásì, pẹpẹ ẹrù tàbí ìdè kọ̀ntéínà gbọ́dọ̀ ní àmì ẹni tó ṣe é lára, kí ojú mìíràn tó mọṣẹ́ sì ti rí irin náà ní ìhòòhò kí ọ̀dà tó bò ó.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé àwọn oníṣẹ́ wa kò mọṣẹ́. Láti Ìdó ni rélùwéè ti gbéra lọ sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1901, ilé iṣẹ́ àtúnṣe ńlá rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta sì ti sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ agbègbè yìí di alágbẹ̀dẹ, ajórin, káfíńtà àti pẹ́ńtà. Nígbà tí lọ́rì gbòde, àwọn ọmọ wa ló kan igi sẹ́yìn orí ọkọ̀ tí wọ́n kó dé láti òkè òkun, tó fi di bọ́lẹ̀kájà. Lẹ́yìn náà ni mólúè dé, tí wọ́n sábà máa ń kọ́ sórí ṣásì Mercedes-Benz 911. Kò sí ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì tó ya àwòrán ara mólúè rí. Èkó ni wọ́n ti ro ó, Èkó ni wọ́n ti ṣe é. Damola Osinulu kọ àpilẹ̀kọ kan lórí rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn African Arts ní 2008, àwọn pẹ́ńtà àti alágbẹ̀dẹ ló sì fi bẹ̀rẹ̀ àkọlé rẹ̀, ipò tó tọ́ sí wọn. Ìjọba náà gbìyànjú tirẹ̀: ó dá ilé iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ ẹrù sílẹ̀ pẹ̀lú Leyland ní Ìbàdàn àti Steyr ní Bauchi, ó sì dá ANAMMCO sílẹ̀ ní Enugu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986 tí náírà sì já wálẹ̀, apá ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kò ká ọkọ̀ tuntun mọ́. Tòkúnbọ̀ gba ojú ọ̀nà, ọkọ̀ tó sì yẹ kó ti di àkísà irin ń padà sọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì-bítà léraléra. Àwọn ni wọn kò jẹ́ kí ọjà oúnjẹ Èkó ṣófo láti ìgbà náà títí di òní. Iṣẹ́ tó tóbi tó báyìí kò yẹ kó máa wà láìlórúkọ.

Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ọ̀dà kì í ṣe ẹ̀tàn. Òun gan-an ni ààbò tí irin ní lójú afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń fẹ́ wá láti ọ̀sà. Pẹ́ńtà tó mọṣẹ́ á ha ìpẹtà dànù títí irin á fi máa dán, á fi tínà nu òróró kúrò, á fi ọ̀dà àkọ́kùn tó ń dènà ìpẹtà sí i, á fi sánpépà líle bẹ̀rẹ̀, á fi èyí tó kúnná parí. Á tún rí i dájú pé afẹ́fẹ́ inú kọ̀mpírẹ́sọ̀ kò lómi, nítorí pé nínú ọ̀rinrin Èkó, omi tó bá bá ọ̀dà jáde ni yóò mú kó wú lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Àwọn tí owó kò tó lọ́wọ́ oníbàárà wọn ló ń fo ìpele wọ̀nyí. Pọ́tì ni wọ́n á lẹ̀ mọ́ ìpẹtà, wọ́n á ha á kó tẹ́jú, wọ́n á fín ọ̀dà sí i. Pọ́tì kì í ṣe irin, kò lè gbé ẹrù, kò sì yẹ kó nípọn ju mílímítà díẹ̀ lọ. Àyè tí ìpẹtà ń gbà sì ju ti irin tó jẹ lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ti ọ̀dà sókè láti abẹ́ títí á fi ṣí dànù. Tó bá jẹ́ ilẹ̀kùn tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni, ẹwà nìkan ló bàjẹ́, owó ọlọ́kọ̀ sì ṣòfò. Ọ̀rọ̀ ṣásì yàtọ̀. Àwọn ṣásì ọkọ̀ ẹrù kan jẹ́ irin tí wọ́n ti fi gbígbóná àti ìtútù ṣètò agbára rẹ̀ kó tó kúrò nílé iṣẹ́. Nígbà tí iná ajórin bá kàn án, agbára ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó á yí padà, ibẹ̀ ni irin sì sábà máa ń là sí nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ tí kòtò sì ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi máa ń kìlọ̀ nínú ìwé wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lu ihò tàbí jó nǹkan mọ́ etí òkè àti ìsàlẹ̀ ṣásì. Ojú ibi tí wọ́n jó lè tò bí ìpẹ́ ẹja, kó sì má wọnú irin rárá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè fojú rí ihò wẹ́wẹ́, ó lè rí ibi tí iná ti jẹ etí irin. Omi pupa kan tún wà tí wọ́n ń fi pa á, tó máa ń wọ inú ìlà tí ojú kò rí, tó sì máa ń yọ jáde nígbà tí wọ́n bá nu ojú irin náà tí wọ́n sì fi ìyẹ̀fun funfun bò ó. Àmọ́ bí pọ́tì àti ọ̀dà bá ti gorí rẹ̀, àyẹ̀wò parí nìyẹn. Ajórin tó ṣe dáadáa àti ẹni tó ṣe jákujàku ti di ọ̀kan náà lójú gbogbo ayé.

Gbogbo ayé yìí ni mo ka àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, mọ́. Àyẹ̀wò ẹlẹ́rọ tí ìpínlẹ̀ Èkó ń ṣe báyìí lè sọ bí bíréèkì ṣe ń mú, bí iná ọkọ̀ ṣe tàn, bí èéfín rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò lè sọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà. Ohun tó tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín ni pé tó bá jẹ́ ti àwọ̀ ọ̀dà, ìjọba mọ̀ ọ́n mú: ẹ fi danfó aláwọ̀ búlúù kó èrò ní Yàbá lọ́la, kí ẹ wo bí yóò ti pẹ́ tó kí wọ́n tó dá a dúró pé kò kun yẹ́lò, kò fa ìlà dúdú. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kọ́ ló ń pààyàn. Ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ntéínà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba sórí ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀, èèyàn 3 sì kú. Ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, afárá kan náà, kọ̀ntéínà mìíràn já lé bọ́ọ̀sì èrò lórí, ó pa èèyàn 9. N kò sọ pé ajórin ló fa èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdè igun mẹ́rin tí àwọn onítírélà ń pè ní twist lock ló yẹ kó so kọ̀ntéínà mọ́ ọkọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC sì ti pariwo títí lórí kọ̀ntéínà tí wọn kò dè. Ìdè yìí kì í wà lórí afẹ́fẹ́; ẹnì kan ló ń jó o mọ́ pẹpẹ. Kọ̀ntéínà ńlá lè wọn tó tọ́ọ̀nù 30 pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀. Nígbà tí ìdè kan bá ya kúrò lára pẹpẹ, ta ni a máa bi?

Ibòmíràn ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Àṣà rélùwéè káàkiri ayé ni pé wọ́n máa ń kọ ọ́ sára wágọ́ọ̀nù ìgbà àti ibi tí wọ́n ti tún un ṣe kẹ́yìn. Nínú iṣẹ́ jíjó táńkì agbára gíga àti páìpù epo, ajórin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó jó. Kò sì yẹ ká pè é ní àṣà òyìnbó. Ní kóòtù wa, ẹni tí kò bá fẹ́ fi Bíbélì tàbí Kùránì búra lè fi irin búra. Ohun tí mo ń béèrè kò ju kí irin ọkọ̀ náà lẹ́lẹ́rìí tirẹ̀: nọ́ńbà ajórin, oṣù àti ọdún, tí wọ́n fi òòlù tẹ̀ sára irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ àtúnṣe náà, kí iná má tún kan ṣásì nítorí àmì, àti fọ́tò irin náà kí pọ́tì tó dé orí rẹ̀. Fóònù tó wà lápò ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó láti yà á.

Àwọn kan á sọ pé ọ̀nà àtigba rìbá mìíràn nìyí. Òótọ́ wà níbẹ̀, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń dá típà dúró lójú ọ̀nà mọ̀ pé ìwé tuntun sábà máa ń di owó tuntun lápò ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba wá dúró sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Ojú kejì tí mo ń sọ lè jẹ́ ti ọ̀gá mìíràn nínú ẹgbẹ́ wọn. NATA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe, ti wà nílẹ̀, ó sì ní ẹ̀ka ní àdúgbò. Ìwé tí VIO fọwọ́ sí máa ń sọnù, wọ́n sì lè rà á. Nọ́ńbà tó wà lára irin kò rọrùn láti sẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni nínú iṣẹ́ kan náà ló sì mọ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí iṣẹ́ jákujàku. Ìtìjú láàárín ẹgbẹ́ máa ń múni ju owó ìtanràn lọ.

Àtakò tó wúwo jù lọ lójú tèmi ni ti àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn: pé ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ṣubú, orúkọ tí ọlọ́pàá bá kọ́kọ́ rí lára irin ni wọ́n máa lọ mú, ì báà ṣe pé ọlọ́kọ̀ ló di tọ́ọ̀nù 40 lé ohun tí wọ́n ṣe fún 20. Ìbẹ̀rù yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rí báyìí. Bí irin bá là, dẹ́rẹ́bà á ní wẹ́dà (ajórin) ni, ọlọ́kọ̀ á ní wẹ́dà ni, wẹ́dà kò sì ní ẹ̀rí kankan láti fi gbèjà ara rẹ̀. Àmì àti fọ́tò ni yóò fi hàn pé ibi tí òun jó ṣì dì gírí, pé ibòmíràn ló là, tàbí pé ọlọ́kọ̀ kọ̀ láti sanwó fún irin tó nípọn tí òun dábàá. Yóò tún yí ọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà padà. Títí di òní, ọlọ́kọ̀ tó bá ní kí wọ́n fi pọ́tì dí i ló ń borí, torí pé ṣọ́ọ̀bù kejì yóò gbà á lówó táṣẹ́rẹ́. Nígbà tó bá di pé ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ sí i, àwọn tí yóò gbà á yóò dín kù. Pé overload àti kòtò máa ń fa ìjàǹbá kò tako èyí rárá. Kòtò àti overload ló ń dán ibi tí wọ́n jó wò.

Owó ńkọ́, ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá tó wà ní Muṣin àti Ọ̀yìngbò kò jókòó nílé ẹ̀kọ́ kankan, wọ́n sì mọ irin ju ẹni tó gba díplọ́mà lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n padà lọ kọ ABD. Ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní trade test, ti wà látọjọ́ tó ti pẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. NABTEB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ń ṣe tirẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá fẹ́ gba fírídọ̀mù, kí wọ́n fi nọ́ńbà lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà lẹ́yìn tó bá ti jó irin méjì pọ̀ lójú àwọn ọ̀gá, tí wọ́n sì gé e wò láàárín bóyá iná wọnú. Ìyẹn kò ní gba owó tó tó owó ankárá ẹgbẹ́jọdá tí wọ́n ń wọ̀ síbi ayẹyẹ náà.

Ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà èbúté Àpápá. Láti oṣù kejì ọdún 2021 ni NPA, àjọ tó ń bójú tó èbúté, ti ní kí ọkọ̀ ẹrù gba ìpè lórí ẹ̀rọ Ètò kó tó lè wọlé, wọ́n sì ti gbé ìlànà kalẹ̀ lórí bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ dára tó. Kí wọ́n fi ìlà kan kún un: tírélà tí wọ́n bá ti jó ṣásì tàbí pẹpẹ rẹ̀, kó ní nọ́ńbà ajórin àti fọ́tò irin rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní rí ìpè gbà. Ọlọ́kọ̀ tí kò fetí sí VIO rí yóò wá wẹ́dà tó ní nọ́ńbà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.